Abẹ́rẹ́ Kì Í Parí Lára Aláìsàn

Akọ̀wé ẹ̀ka wa ló ní kí n kọ nǹkan sí ojú ewé Yorùbá yìí, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ló ń retí. Ọ̀rọ̀ owó oṣù kò lè tán lẹ́nu wa, a óò padà bọ̀ sórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ni mo mú wá lónìí, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gún aláìsàn.

Mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn kan. Wọn yóò ní, "Agbálẹ̀ ni bàbá yìí, kí ló pa agbálẹ̀ pọ̀ mọ́ abẹ́rẹ́?" Wọn kò parọ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìyókù ni mo fi ìwé alẹ́ kún un lẹ́yìn tí mo ti ń ṣiṣẹ́. N kò gún ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́ rí, bí Ọlọ́run bá sì fẹ́, n kò ní í gún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń gbá wọ́ọ̀dù, tí mo ń fọ ilẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀, tí mo ń da ohun tí nọ́ọ̀sì lò tán nù. Ẹni tó se ọbẹ̀ ló mọ adùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọ ìkòkò ló mọ ohun tó jóná sí ìsàlẹ̀.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí wá nìyí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní í dárúkọ, gbé àpò ìdọ̀tí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ó gbé e ti ẹ̀gbẹ́ itan rẹ̀ bí gbogbo wa ti máa ń gbé e nígbà tó bá wúwo. Abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n jù sínú àpò ọ̀rá náà ti yọ orí síta, ó sì wọ̀ ọ́ ní itan. Ẹ̀jẹ̀ jáde díẹ̀. Ó nù ún, ó fi epo pupa sí i, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tó fi dákẹ́, ó ní ẹ̀rù ń ba òun kí wọ́n má baà sọ pé òun kò mọ iṣẹ́. Ọjọ́ karùn-ún ni èmi tó gbọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sọ fún ìyàwó mi lọ́jà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọjọ́ karùn-ún yẹn fi dùn mí. Oògùn wà tí wọ́n ń fún ẹni tí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò fún ẹlòmíràn bá gún, kí kòkòrò HIV má baà rí ibi fìdí kalẹ̀ sí lára rẹ̀. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń lò ó. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó bá sì ṣe yá tó ni ó ṣe dára tó. Ọjọ́ kẹta ni wákàtí 72 ń pé. Nígbà tí èmi fi máa gbé arábìnrin yìí sẹ́yìn ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ilẹ̀kùn ti tì.

Mo lọ bá ọ̀gá tí ọ̀rọ̀ kàn. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé èmi ni mo ní kó gbé àpò ti itan ni?" Mo ní, "Ẹ̀yin kọ́, Sà. Ṣùgbọ́n ta ni ó fi abẹ́rẹ́ sínú àpò ọ̀rá?" Kò dá mi lóhùn. Ó ní kí n kọ ìwé wá. Mo kọ ọ́. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo kọ.

Oṣù mẹ́fà ni arábìnrin náà fi ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ọkọ rẹ̀ kó ẹní lọ sí pálọ̀. Kò jẹ́ kí ọmọ-ọmọ òun jẹun nínú àwo òun, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un pé àwo kò ràn án, ṣùgbọ́n ta ni yóò dá ìyá àgbà lẹ́kun ìbẹ̀rù? Ọlọ́run ṣe é, kò kó nǹkan kan. Inú mi dùn, mo sì ń bínú síbẹ̀, nítorí pé orí ló kó o yọ, ètò wa kò ṣe nǹkan kan fún un.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn nọ́ọ̀sì àgbà léèrè, tí mo sì ń ka ìwé tí mo bá rí. Mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ, pé nọ́ọ̀sì ti gún abẹ́rẹ́ tán, kò tọ̀nà. Abẹ́rẹ́ kì í tán nígbà tí wọ́n bá fà á yọ lára aláìsàn. Ìgbà tó bá di eérú ni ó tán. Láàárín ìgbà tí wọ́n fà á yọ sí ìgbà tó di eérú, ọwọ́ tiwa ló wà.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí nọ́ọ̀sì àgbà kan fi kọ́ mi ni èyí: ǹjẹ́ ó tilẹ̀ yẹ kí abẹ́rẹ́ wọ ọ̀rọ̀ náà? Ẹ̀yin náà mọ àwa èèyàn wa. Bí ibà bá ń ṣe wá, tí wọ́n fún wa ní oògùn oníhóró, a ó ti lérò pé wọn kò tọ́jú wa. Lójú wa, oògùn tí kò bá dunni kì í ṣe oògùn. Bí nọ́ọ̀sì bá sì kọ̀, a ó gba ilé kẹ́mísìtì lọ, ẹni yẹn kò ní í bi wá ní ohunkóhun ju iye tó wà lápò wa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni láti ọdún 2005 ni ìjọba àpapọ̀ ti yí ìlànà ìtọ́jú ibà padà, tí wọ́n ní kí a fi kílórókúìnì sílẹ̀ kí a máa lo ACT, oògùn oníhóró ni, ẹnu ni à ń gbà lò ó. Abẹ́rẹ́ artesunate wà, ṣùgbọ́n ibà tó ti le ni wọ́n ṣe é fún: ọmọ tí gìrì ń mú, ẹni tí kò mọ ibi tó wà mọ́, ẹni tó ń bì tí nǹkan kò dúró nínú rẹ̀. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó ń jẹ àkàrà, tó sì ń pariwo pé abẹ́rẹ́ ni òun wá gbà, ẹni yẹn kì í ṣe ẹni abẹ́rẹ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí bílíọ̀nù 16 abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún lágbàáyé lọ́dún. Nínú 100, bíi 5 péré ni ti àjẹsára, èyí tó pọ̀ jù ni ti ìtọ́jú, púpọ̀ nínú ti ìtọ́jú náà ni oògùn oníhóró ì bá sì ti ṣe. Abẹ́rẹ́ tí a kò gún kò lè gún agbálẹ̀. Ẹ gba èyí rò.

Bó bá wá di dandan kí wọ́n gún un, mo ti fi ọwọ́ ti ìgbálẹ̀ wo oríṣiríṣi nọ́ọ̀sì, mo sì mọ èyí tó mọ iṣẹ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í kánjú. Yóò kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Kì í sọ pé, "Ṣé ẹ̀yin ni Ìyá Risi?" nítorí pé ẹni tí ara ń ro á ní bẹ́ẹ̀ ni sí orúkọ yòówù. Á ní, "Mà, ẹ jọ̀wọ́, kí lorúkọ yín?" Á wo ìwé, á wo ara igò oògùn, á ka orúkọ oògùn náà àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́, á bèèrè bóyá oògùn kan wà tí ara aláìsàn náà kì í gbà. Ìdí ìbéèrè yìí ni pé oògùn bíi pẹnisílíìnì wà tó jẹ́ pé ara ẹlòmíràn kì í gbà á rárá, èémí lè há mọ́ ọn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nítorí náà ni nọ́ọ̀sì dáadáa kì í jẹ́ kí aláìsàn dìde lọ kíá lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Á ní kó jókòó fún ìṣẹ́jú 15 tàbí ìdajì wákàtí, adrenaline á sì wà nítòsí rẹ̀. Ibi tí kò bá ti sí adrenaline, kí ni wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì ṣe níbẹ̀? Ìbéèrè ni mo bi o.

Lẹ́yìn èyí ni yóò ya ọ̀rá sírínjì tuntun lójú aláìsàn. Lójú rẹ̀ ni mo wí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí tí ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ má ṣe tijú láti sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya á níṣojú mi." Kì í ṣe àrífín. Yóò fi òwú àti spírìtì nu orí rọ́bà igò oògùn, kò sì ní í fi ọwọ́ kan ibi tí yóò wọ ara nínú abẹ́rẹ́ náà, kò ní í fi ẹnu fẹ́ ẹ, kò ní í gbé e lé orí tábìlì ìhòòhò. Abẹ́rẹ́ kan kò gbọdọ̀ dúró lórí igò oògùn bí èèkàn ewúrẹ́ kí wọ́n máa fi sírínjì oríṣiríṣi fa oògùn láti ibẹ̀, mo ti rí ìyẹn náà.

Àṣìṣe kan wà tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, nítorí pé àwọn tó ń ṣe é rò pé àwọn ń ṣọ́ra. Wọn á pààrọ̀ abẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn á fi ara sírínjì náà sílẹ̀. Wọ́n ní ohun tó wọ ara nìkan ló léwu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá gún ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí ojú kò lè rí máa ń padà wọ inú sírínjì. Abẹ́rẹ́ tuntun lórí sírínjì àlòkù dà bí ìgbà tí a bá fi ìdérí tuntun dé ìkòkò ọbẹ̀ tó kan. Ẹnì kan, sírínjì kan, abẹ́rẹ́ kan, ìgbà kan ṣoṣo. Ìyá mi máa ń sọ fún wa nípa sírínjì onígíláàsì tí wọ́n ń sè lórí sítóòfù nígbà tiwọn. Ti ayé ìgbà náà nìyẹn, omi gbọ́dọ̀ hó dáadáa kó sì pẹ́ lórí iná kó tó ṣe nǹkan kan. Oníke ti òde òní kò ṣeé sè. Lílò kan ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹni tó bá rò pé mo ń dẹ́rù bà yín, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Yambuku, ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Zaire nígbà náà, Kóńgò tòní. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1976, olùkọ́ kan wá sí ilé ìwòsàn àwọn ìjọ Àgùdà níbẹ̀ pẹ̀lú ibà. Wọ́n gún un ní kílórókúìnì bí ẹni tí ibà lásán ń ṣe. Ilé ìwòsàn yẹn, sírínjì àti abẹ́rẹ́ márùn-ún péré ni wọ́n ń kó sílẹ̀ láàárọ̀ fún gbogbo èrò tó ń wá gba ìtọ́jú. Omi ni wọ́n fi ń ṣàn án láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì. Àìsàn náà kì í ṣe ibà, Ebola ni, ìgbà àkọ́kọ́ tí ayé yóò mọ̀ ọ́n ní ọdún yẹn. Ènìyàn 318 ni ó mú, 280 ló kú. Àwọn tó wádìí rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú àwọn tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ nìkan ló gbé e dé ara wọn, kò sí ẹnì kan tó yè. Nínú òṣìṣẹ́ 17 tí ilé ìwòsàn náà ní, 11 ló bá a lọ. Òṣìṣẹ́ bí tiwa ni wọ́n. Inú rere ni gbogbo wọn fi ń ṣiṣẹ́, owó ni kò tó, wọ́n ní kí wọ́n máa mójú tó ohun tó wà.

Ẹ má sọ pé Kóńgò jìnnà. Ní ọdún 1989, ní agbègbè Aboh Mbaise, ní ìpínlẹ̀ Ímò tiwa yìí, ibà Lassa wọ àwọn ilé ìwòsàn. Ibà Lassa yìí, ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní 1969, nọ́ọ̀sì ló sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ pa. Àwọn dókítà tó wádìí ti Aboh Mbaise rí i pé sírínjì tí wọ́n ń lò fún aláìsàn kan sí òmíràn ni ó gbé e káàkiri. Aláìsàn kú, nọ́ọ̀sì kú, dókítà náà kú. Ẹni tó wá gba ìtọ́jú ọgbẹ́ kékeré, ibà ẹlòmíràn ló gbé lọ sílé.

Èyí tó ń pariwo bẹ́ẹ̀ ni ayé máa ń gbọ́. Èyí tí kò pariwo ni mẹ́dọ̀wú. Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ọdún 2000 ni pé abẹ́rẹ́ tí kò mọ́ fún mílíọ̀nù 21 ènìyàn ní mẹ́dọ̀wú B lọ́dún kan ṣoṣo, ó fún mílíọ̀nù 2 ní mẹ́dọ̀wú C, ó sì fún 260,000 ní HIV. Láti ìgbà náà, sírínjì tó ń ti ara rẹ̀ pa lẹ́yìn lílò kan ti tàn kálẹ̀ sí i, iye náà sì ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ìyẹn fi hàn pé ohun tó ṣeé ṣe ni. Mẹ́dọ̀wú B yìí burú fún agbálẹ̀ ju HIV lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé HIV ni gbogbo wa ń bẹ̀rù. Bí abẹ́rẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ HIV bá gún 1,000 ènìyàn, bíi 3 ni yóò kó o. Ti mẹ́dọ̀wú B, bí ẹni náà kò bá gba àjẹsára, ó lè tó 30 nínú 100. Kòkòrò rẹ̀ sì lè wà láàyè níta ara fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n jù sílẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ní ọjọ́ Àìkú ó ṣì lè pani.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí n kò lè fò. Ìdí ọmọ ni mo fẹ́ sọ. Iṣan ńlá kan wà tó gba inú ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá bà á, ẹsẹ̀ lè rọ. Nílẹ̀ yìí, àwọn tó ń tọ́jú egungun àti iṣan ń rí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ títí di òní: ọmọ tó ń sáré kiri kí ibà tó mú un, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, ó wá ń wọ́ ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ iṣẹ́ mọ̀ pé bí a bá fi ojú pín ẹ̀gbẹ́ ìdí kan sí mẹ́rin, igun òkè tó wà lápá ìta nìkan ni a lè gún. Fún ọmọ ọwọ́, ìdí kọ́ rárá, iwájú itan lápá ìta ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́, ibi tó bá rọ̀ ni yóò gún.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mi ti máa koro létí àwọn kan nínú wa, mo sì bẹ̀bẹ̀ ṣáájú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa wà tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, wọn á gbé báàgì kékeré kọ́ apá, wọn á máa gún abẹ́rẹ́ kiri ilé. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ nọ́ọ̀sì ní tòótọ́. Àwọn mìíràn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, agbálẹ̀ bíi tèmi ni wọ́n, tàbí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tàbí ẹni tó ń kọ káàdì. Wọ́n ti wo nọ́ọ̀sì títí, wọ́n ní ó ti mọ́ àwọn lára. Àdúgbò ń pè wọ́n ní dókítà, wọn kò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọ̀kan wà tí mo mọ̀ dáadáa. A jọ ṣiṣẹ́ rí. Ó gún ọmọ ọdún mẹ́rin kan ní ìdí ní alẹ́ ọjọ́ kan, nítorí ibà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà kò lè tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọ̀rẹ́ mi sá. Nígbà tó padà dé, ó wá bá mi nílé lóru, ó ní kí ẹgbẹ́ gba òun sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yẹn ń kọ́?" Ó sunkún. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, nítorí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Owó oṣù tí kò dé fún oṣù mélòó kan ló kọ́kọ́ gbé báàgì kọ́ ọ lápá. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kọ́ ló jẹ ẹ́ lówó oṣù.

Ní ìpàdé wa, àwọn kan dìde, wọ́n ní iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni láti dáàbò bo ọmọ ẹgbẹ́, ohun yòówù tó bá ṣe. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀, àwọn kan nínú wọn jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Síbẹ̀ n kò gbà. Ẹgbẹ́ tó bá gbèjà ẹni tó ń fi àlòkù sírínjì gún ọmọ aládùúgbò, lẹ́tà wo ni yóò tún kọ sí ọ̀gá nítorí agbálẹ̀ tí abẹ́rẹ́ gún? Ọ̀gá yóò fi ẹ̀rín dá wa lóhùn. Ní abúlé Roka, ní orílẹ̀-èdè Cambodia, ọkùnrin kan tí kò ní ìwé àṣẹ ń tọ́jú gbogbo abúlé, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ó máa ń tọ́jú ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Ní òpin ọdún 2014 ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ abúlé wò: ó lé ní 200 ènìyàn tó ti kó HIV, ọmọdé àti arúgbó, láti ara abẹ́rẹ́ tó ń tún lò. Ní ọdún 2015 ilé ẹjọ́ fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún 25. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ o. Ìfẹ́ kò fọ abẹ́rẹ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọwọ́ tiwa, ìyẹn lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ ti jáde lára. Nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ dá ìdérí rẹ̀ padà sí i. Àṣà àtijọ́ ni, ọ̀pọ̀ ṣì ń ṣe é, wọ́n rò pé ìwà tónítóní ni. Ibẹ̀ gan-an ni abẹ́rẹ́ ti máa ń gún nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ní ìka, nítorí ìdérí kéré, ọwọ́ sì ń gbọ̀n nígbà tó bá ti rẹni. Kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́, kò gbọdọ̀ yọ ọ́ kúrò lórí sírínjì. Bó ti rí ni kó wọ inú páálí líle tí wọ́n ṣe fún un, páálí náà yóò sì wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè kàn án láìdìde. Kò gbọdọ̀ jẹ́ pé ní wọ́ọ̀dù kejì ni yóò ti lọ wá páálí, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ìhòòhò lọ́wọ́, láàárín ọmọdé. Bí páálí bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí a dé e pa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè gba sí i. Mo ti rí ẹni tó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, sálúbàtà ló sì wọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí a sun ún ní ibi tí iná ti mú gan-an, kí a sì rí eérú àti ìyókù rẹ̀ mọ́ inú kòtò tó ní ọgbà. Kì í ṣe ààtàn. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn ilé ìwòsàn mìíràn ní agbègbè wa yìí lẹ́yìn òjò, ẹ ó rí ọmọ ilé ìwé tó ń fi sírínjì fọ́n omi síra wọn. A máa ń rẹ́rìn-ín sí wọn. N kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Kí ni mo wá ń béèrè? Àkọ́kọ́, páálí líle, lójoojúmọ́, kì í ṣe ìgbà tí ètò àjẹsára bá dé nìkan. Èyí máa ń yà mí lẹ́nu: bí wọ́n bá kó àjẹsára dé, páálí á bá a dé, gbogbo nǹkan á lọ létòlétò. Bí wọ́n bá parí, a ó padà sí àpò ọ̀rá. Ìkejì, ìbọ̀wọ́ nípọn àti bàtà rọ́bà fún agbálẹ̀. Ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́ ti nọ́ọ̀sì kò wúlò fún ẹni tó ń gbé ìdọ̀tí. Ìkẹta ni àjẹsára mẹ́dọ̀wú B, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà á, lónìí, lẹ́yìn oṣù kan, àti ní oṣù kẹfà. Ọdún 2004 ni Nàìjíríà fi í kún àjẹsára ọmọ ọwọ́. Ẹni tó bá dàgbà tó èmi, ọmọ rẹ̀ ti gbà á, òun kò gbà á. Bí wọ́n bá fún nọ́ọ̀sì, kí wọ́n fún agbálẹ̀, kí wọ́n fún awakọ̀ tó ń gbé ìdọ̀tí náà. Owó ewu dára, ẹ jẹ́ ká máa jà fún un, ṣùgbọ́n owó ewu kò lè wo mẹ́dọ̀wú.

Òfin sì wà lẹ́yìn wa. Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní ọdún 2010 kan òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti aládàáni, NSITF ló ń bójú tó o. Ó ní kí òṣìṣẹ́ tó farapa tàbí tó kó àrùn lẹ́nu iṣẹ́ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá náà sì fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Ẹ̀yin ará mi, bí ẹ kò bá sọ, òfin kò lè gbọ́. Ẹnu tó dákẹ́ ni ti arábìnrin wa yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é léṣe ju abẹ́rẹ́ lọ.

Nítorí náà, bí abẹ́rẹ́ bá gún ẹnikẹ́ni nínú wa, kó má fún ojú rẹ̀, kó má fi ẹnu mu ún, kó má fi epo tàbí bílíìṣì sí i. Omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ni. Lẹ́yìn náà, ní wákàtí kan náà, kó sọ fún nọ́ọ̀sì àgbà, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti àkókò sílẹ̀, kó sì pè mí, ìbáà jẹ́ òru. Ọ̀kadà mi kò yá, ṣùgbọ́n ó máa ń dé ibi tó ń lọ.

Mo ti ra ìwé kọ́báàdì kan fún ẹ̀ka wa, ó wà lọ́wọ́ akápò. Inú rẹ̀ ni a óò máa kọ gbogbo abẹ́rẹ́ tó bá gún ọmọ ẹgbẹ́ sí, láìdárúkọ nọ́ọ̀sì tó jù ú, nítorí a kò wá ẹjọ́ ẹnì kan. Ní ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀, èmi yóò dá àbá pé kí a má tún gbèjà ẹnikẹ́ni tó bá ń gún abẹ́rẹ́ nílé láìní ìwé àṣẹ, kí a sì dìbò lé e. Ẹ wá dìbò, ẹ̀yin tí ẹ kò fara mọ́ ọn gan-an ni mo fẹ́ rí. Ẹni tó bá fẹ́ kí orúkọ òun wà lára àwọn tí a óò béèrè àjẹsára mẹ́dọ̀wú B fún, kó kọ ọ́ fún mi kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Títí di òwúrọ̀ yìí, orúkọ 14 ni mo ní, agbálẹ̀ ni 11 nínú wọn.